Ẹja Tí Kò Wọ Ìwé

Ẹja yíyan tó ń ti Àgbádárìgì wọ ọjà Ìkọ̀tún, ta ló ń kà á?

Láti 1950 ni FAO, àjọ oúnjẹ àgbáyé, ti ń kọ iye ẹja tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń pa. Ṣùgbọ́n tàwọn ọlọ́kọ̀ kékeré kì í sábà wọ ìwé. Èyí tí kò wọ ìwé, bí ẹni pé wọn ò pa á ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Pauly ní Kánádà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọgbọ́n sí i: ka ọkọ̀, bi àgbà léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sókun lóṣù àti apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń kó bọ̀. Ọkọ̀ 20, ọjọ́ 15, apẹ̀rẹ̀ 3: apẹ̀rẹ̀ 900 nìyẹn. Kí wọ́n tún fi èyí tí wọ́n jẹ nílé kún un. Wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà náà. Ní 2016 wọ́n ní ẹja òkun tí aráyé pa ní 1996 tó 130 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. 86 péré ló wà nínú ìwé.

Bí ìjọba bá rò pé ẹja ọlọ́kọ̀ kékeré ò tó nǹkan, ta ni yóò gbèjà wa lọ́wọ́ ọkọ̀ ńláńlá? Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ máa kọ apẹ̀rẹ̀ yín sílẹ̀. Ẹni tí ò mọ̀wé, kó fa ìlà. Ajé á bu igbá jẹ o.