Dísìkì Tí Kò Ní Lẹ́tà

Lórí Windows, C: tàbí D: kì í ṣe orúkọ àbísọ ìpín dísìkì, ìnagijẹ ni, kò sì lè ju 26 lọ. Orúkọ gidi gùn, \\?\Volume{ ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ mountvol nínú Command Prompt yóò rí gbogbo wọn. Lábẹ́ èyí tí a kò so mọ́ lẹ́tà tàbí fódà kankan, NO MOUNT POINTS ni yóò hàn.

Láti wo inú irú ìpín bẹ́ẹ̀, kí a kọ dir, kí a sì lẹ orúkọ gígùn náà mọ́ ọn, pẹ̀lú àmì \ tó kẹ́yìn rẹ̀. Àmì kékeré yìí ṣe pàtàkì gan-an: láìsí i, Windows yóò gbà pé dísìkì fúnra rẹ̀ là ń tọ́ka sí, kì í ṣe àwọn fáìlì inú rẹ̀. Àṣẹ cd kò gba orúkọ yìí rárá.

Èyí tó rọrùn jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni kí alábòójútó kọ̀ǹpútà so ìpín náà mọ́ fódà òfìfo lórí dísìkì NTFS: mountvol C:\Ise, lẹ́yìn náà orúkọ gígùn ọ̀hún. Bí a bá fẹ́ tú u, mountvol C:\Ise /D ti tó; fáìlì kankan kò ní sọnù.