Amúyára Tàbí Alárinà? Orúkọ Tí Ó Yẹ Kátálístì ní Èdè Yorùbá

Ní ìlú Mülheim ní ilẹ̀ Jámánì, Karl Ziegler àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ń gbìyànjú láti so mólékù étílíìnì mọ́ ara wọn kí ó lè di ẹ̀wọ̀n gígùn. Étílíìnì kò ṣàjèjì sí Yorùbá, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ṣàjèjì. Òun ni afẹ́fẹ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń pọ́n ń tú jáde, tí ó fi ń mú kí àwọn tí a kó sínú àpò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ tètè pọ́n. Kábọ́ọ̀nù méjì àti háídrójìn mẹ́rin péré ni ó wà nínú mólékù rẹ̀ kan.

Àdàpọ̀ alumíníọ̀mù ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ náà. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà kan pé ẹ̀wọ̀n kò gùn rárá; étílíìnì méjì-méjì ni ó so pọ̀ di bútíìnì, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé níkẹ́ẹ̀lì bíńtín tí ó ṣẹ́kù sára ìkòkò irin ni ó fà á. Ẹlòmíràn ì bá fọ ìkòkò, kí ó sì gbàgbé. Ziegler ní kí wọ́n dán àwọn irin mìíràn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún 1953 tó parí, wọ́n ti mọ̀ pé bí a bá fi àdàpọ̀ titáníọ̀mù àti kílórínì kún ti alumíníọ̀mù, étílíìnì a máa so di ẹ̀wọ̀n gígùn láìsí ìfúnpá ńlá. Ṣáájú èyí, láti 1933 tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìfúnpá tí ó ju ti afẹ́fẹ́ ayé lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń lò. Ziegler àti Giulio Natta ará Ítálì, tí ó fi irú ọgbọ́n kan náà so própílíìnì, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963. Ọ̀rá ìtajà àti kẹ́ẹ̀gì epo jẹ́ ara èso iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Eleme, nítòsí Port Harcourt, sì ń ṣe àwọn ike méjèèjì.

Kí ni kí a wá pe ohun tí níkẹ́ẹ̀lì àti titáníọ̀mù jẹ́ nínú ìtàn yìí? Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń tètè wá sẹ́nu ni “amúyára”. Kò ṣàìní ìdí. Wilhelm Ostwald, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1909 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí, fi ìyára ṣe òpó ìtumọ̀ tirẹ̀: kátálístì ni ohun tí ń pa ìyára ìyípadà kẹ́míkà dà, tí kì í sì í sí lára ohun tí ìyípadà náà bí. Apá kejì ìtumọ̀ yìí ni “amúyára” fi sílẹ̀. Ooru náà ń mú ìyípadà yára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi “amúyára” kọ́ lè kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ooru jẹ́ kátálístì, ó sì ṣòro láti bá a wí, nítorí orúkọ tí a fún un ni ó tẹ̀lé. Ẹ̀kọ́ físíìsì pẹ̀lú nílò “mú yára” fún ohun tí eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Àléébù tí ó tóbi jù ni pé “amúyára” kò sọ ibi tí a ń lọ. Bí étílíìnì àti ọ́ksíjìn bá gba orí fàdákà gbígbóná kọjá, étílíìnì ọ́ksáìdì ni yóò jáde, èyí tí wọ́n ń yí padà láti fi ṣe òwú aṣọ pọlíẹ́sítà. Lefort, ará Faransé, ni ó rí ọ̀nà yìí ní 1931. Bí ó bá jẹ́ àdàpọ̀ pàládíọ̀mù àti ti bàbà nínú omi ni wọ́n lò, ásẹ́tádíháídì ni yóò jáde, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ di ásíìdì inú ọtí kíkan. Bí a bá sì kàn ṣáná sí i, yóò jóná di kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì àti oru omi. Iná ni ó yára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí ohun títà níbẹ̀.

“Alárinà” dára jù ú lọ. Alárinà mọ ilé tí ó ń lọ àti ilé tí kò ní yà. Nígbà tí ojú bá ti mọjú tán, a yẹ̀bá, a sì lọ ṣe ti ẹlòmíràn. Kò lè so àwọn tí kò ṣeé so pọ̀, gẹ́gẹ́ bí kátálístì kò ti lè mú kí ìyípadà tí kò lè ṣẹlẹ̀ rárá ṣẹlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní alárinà ní ètè àti ọkàn, titáníọ̀mù kò ní, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Berzelius ará Swídìn mú ní 1835, tí gbogbo ayé ń lò títí di òní, “ìtúsílẹ̀” lásán ni ó túmọ̀ sí. Àléébù gidi wà níbòmíràn. Alárinà a máa dúró láàárín ilé méjì, ṣùgbọ́n étílíìnì ń lẹ̀ mọ́ irin náà gan-an kí ó tó yí padà. Èyí ni olùkọ́ ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ là yé akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì ń bímọ: “iṣẹ́ alárinà” fún ìlànà náà, “ṣe alárinà” fún ìṣe rẹ̀, àti “májèlé alárinà” fún irú ohun tí imí ọjọ́ jẹ́, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ níkẹ́ẹ̀lì títí tí kò fi ní ráyè ṣiṣẹ́ mọ́.