Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Ọmọ Bá Sọ

Awò ni mo ń wọ̀n sójú àwọn ọmọdé ní Woolwich, ní London, ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá ló sì ń mú ọmọ wá bá mi láti South Thamesmead. Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn jù ni pé, "Àǹtí, kò kúkú sọ pé ojú ń dun òun." Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni yóò ṣe sọ? Bó ṣe ń ríran láti kékeré ló rò pé gbogbo ayé ń ríran. Bí ojú kan bá dáa tí èkejì ò dáa, èyí tó dáa ni yóò máa fi ṣeré, tí yóò fi kàwé, ọpọlọ rẹ̀ á wá pa èkejì tì.

Ó ṣeé tọ́jú o. Wọ́n á fún un láwò, bí ìyẹn ò bá tó, wọ́n á máa bo ojú tó dáa fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, kí èkejì lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ kí ọmọ tó pé ọdún 7 tàbí 8 ni ìtọ́jú yìí máa ń jẹ́ jù. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń yẹ ojú ọmọ ọdún 4 sí 5 wò nílé ìwé.

Àwọn kan ń pè mí ní dókítà. Rárá o. Optometrist ló ń yẹ ojú wò. Dispensing optician lèmi, iṣẹ́ mi ni kí awò bá ojú mu. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáà ta awò ojú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ General Optical Council, tàbí dókítà tó forúkọ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ mójú tó o. Bí mo bá ń yan férémù fún ọmọ, igi imú ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Imú tó ga, tó tín-ín-rín, ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ férémù fún, bó bá dé imú àwọn ọmọ wa, á máa yọ̀ wálẹ̀, ọmọ á sì máa wòran lókè awò. Mo máa ń ní kó fò sókè, kó wolẹ̀, kó mirí. Bó bá yọ̀, ẹ má gbà á.

Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú títí ọmọ yóò fi pé ọdún 16, NHS sì ń fún wọn ní fáúṣà fún awò. Kò dìgbà tó bá mọ A, B, D. Àwòrán wà fún un, optometrist sì lè tan iná sí ojú rẹ̀ kó fi mọ bó ṣe ń ríran.

Àmọ́ bí ojú kan bá ń tàn funfun nínú fọ́tò, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi láti wá mú férémù. Ẹ pe dókítà yín (GP) lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú.