Ẹ Kú Ojú Lọ́nà: Ìrìnàjò Tọkọtaya sí Etí Òkun

Láàárín 1910 sí 1914 ni ògbólógbòó agbẹ́gilére nnì, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára awẹ́ kan ni Captain Ambrose, Òyìnbó aláṣẹ tí ìjọba rán sí ilẹ̀ Èkìtì, ti jókòó sínú ibùsùn tí àwọn aláàárù gbé rù. Àwọn mìíràn sì ru ẹrù. Lára awẹ́ kejì ni Ògògà ti gúnwà, tí olorì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà kò sí ní Ìkẹ́rẹ́ mọ́. Ní 1924, lẹ́yìn tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Wembley, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó dípò rẹ̀ fún Ògògà. Bóyá pàṣípààrọ̀ náà bá ẹ̀tọ́ mu, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí á kíyè sí ni pé Ọlọ́wẹ̀ kò fi gbogbo igi rẹ̀ fún arìnrìnàjò. Ó pín in sí méjì: ẹni tí ń bọ̀ lápá kan, ẹni tí ń retí lápá kejì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èdè Yorùbá ṣe pín ìkíni. Ẹni tí a bá pàdé lójú ọ̀nà, "Ẹ kú ìrìn" ni a ó kí i. Ẹni tí ó bá ti ìrìnàjò dé, "Ẹ káàbọ̀" ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sílé, tí kò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, a kì í fi òun náà sílẹ̀. "Ẹ kú ojú lọ́nà" ni a ń kí i, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kí alágbẹ̀dẹ àti aláró nídìí iṣẹ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ṣe ìkíni yìí mọ̀ pé iṣẹ́ ni ìrètí. Láàárín tọkọtaya ni iṣẹ́ náà sì ti ń wúwo jù.

Gúúsù Èkìtì kò bá òkun pààlà. Orí ilẹ̀ olókè ni Ìkẹ́rẹ́ wà, lábẹ́ àpáta Olósùnta àti Orólè. Inú ilẹ̀ igbó ni Ìsẹ̀ àti Emùré sì wà, wọn kò jìnnà síra. Síbẹ̀ láti etí òkun ni iyọ̀, aṣọ Òyìnbó àti ìbọn ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn láyé àtijọ́. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó wà lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Èkó. Bí wọ́n bá ṣí ibodè, ọjà á kún. Bí wọ́n bá tì í, ará òkè á jókòó tira. Ìtàn tọkọtaya kan tí wọn kì í ṣe ọmọ Èkìtì, tí wọn kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá, ni ó fi bí ìyà náà ti tó hàn wá jù, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Jámánì ni David Hinderer. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Anna, aya rẹ̀. Oṣù kẹwàá 1852 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní 1853 yóò fi wọlé, wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Èkó. Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ibà dá wọn dúró lọ́nà, oṣù kẹrin ni wọ́n tó dé ibẹ̀. Wọ́n kọ́lé sí Kúdẹ̀tì, wọ́n ń kọ́ ọmọ níwèé. Ní 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú pẹ̀lú sì ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ọ̀nà kò ṣí. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ tọkọtaya yìí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò ilé wọn kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Aìsàn sì ti sọ Anna di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ní oṣù kẹrin 1865, Glover, aláṣẹ Èkó tí àwọn ará ìlú ń pè ní Gólóbà, rán ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Maxwell gba ọ̀nà igbó tuntun kan lọ sí Ìbàdàn láti lọ gbé wọn. Ó dé lójijì, ó mú ibùsùn àgbérù dání fún ìyàwó. Wákàtí díẹ̀ péré ni ó fún wọn. Irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ kò gba ìfalẹ̀, nítorí pé bí ìròyìn bá ṣáájú arìnrìnàjò dé ibodè, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Ta ni ó lè di ẹrù ọdún méjìlá láàárín wákàtí díẹ̀? David kò lè fi ìjọ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Anna lọ, ọkọ rẹ̀ dúró.

Ìyàwó ni ìwé ìtàn ń tọ̀ lẹ́yìn láti ibí yìí: bí wọ́n ti gbé e gba inú igbó títí ó fi dé etí ọ̀sà. Kò burú. Ṣùgbọ́n àgbà Èkìtì tí ó bá gbọ́ ìtàn náà yóò béèrè ọkọ. Kò sí wáyà, lẹ́tà kò rí ọ̀nà gbà. Àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ méjì tí ó kojú síra pa àrokò ìfẹ́, ṣùgbọ́n àrokò pẹ̀lú nílò ẹni tí yóò gbé e kọjá ibodè. Ojú David nìkan ni ó lè gba ọ̀nà náà, kí òun náà tó tẹ̀lé aya rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Wọ́n tún padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn èyí. Ní 1869 ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, Anna sì kú ní 1870. Nígbà tí David tún padà wá ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, òun nìkan ni, apá Lẹ́kí àti Oǹdó ni ó sì kọjú sí.

Kì í ṣe àṣìṣe ni ó gbé e gba apá ibẹ̀. Ní 1872 ni ìjọba Èkó ṣí Ọ̀nà Oǹdó, kí èrò lè yẹra fún ibodè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn ń wọ̀ lórí ọ̀sà dé ìhà Ìtẹ̀bú àti Ayésàn, kí ó tó fẹsẹ̀ rin igbó dé Oǹdó. Láti Oǹdó, ọ̀nà Akúrẹ́ gbé e dé Ìkẹ́rẹ́. Gúúsù Èkìtì rí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ gbà sí òkun. Ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn ránṣẹ́ sílé nígbà ogun Kírìjí, láti 1877 títí wọ́n fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Ọ̀nà yìí kan náà ni díẹ̀ nínú àwọn tí ogun ti kó lẹ́rú gbà padà wálé. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti wà lọ́nà fún ogún ọdún, ìkíni wo ni ó tó o?

Àwọn àgbà kì í dá ìrìnàjò sí ọjọ́ Ẹtì, kí ohun tí wọ́n ń lọ ṣe má baà tì. Ẹ̀kọ́ ìwé ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí á fi ti ìgbàgbọ́ sílẹ̀ ná, kí á wo ohun tí àṣà náà ń ṣe. Ẹni tí yóò bá dé ibi ìnáwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí kò sì gbọdọ̀ gbéra lọ́jọ́ Ẹtì, Ọjọ́bọ̀ ni yóò ti jáde nílé. Odindi ọjọ́ kan ti wà lápò rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, bí ẹsẹ̀ bá wú, bí ilẹ̀ bá ṣú u, yóò yà sílé baálé ìletò tí ó bá bá pàdé, yóò sùn, ìnáwó kò sì ní í kọjá rẹ̀.

Lónìí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni tọkọtaya ń kúrò ní Èkó, nítorí òkú tàbí ìgbéyàwó ọjọ́ kejì ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, Akúrẹ́: wọ́n ti ka wákàtí wọn tán kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Bí táyà kan bá bẹ́ ṣáájú Ọ̀rẹ̀, gbogbo ìṣirò dàrú. Ọkọ á wá fẹ́ fi eré sísá gba wákàtí tí ó sọnù padà, aya á máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọra. Tẹlifóònù tún ń dún láti ilé: "Ẹ ti dé ibo?" Ìfẹ́ ni ó ń béèrè, ṣùgbọ́n bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kẹẹ̀rin láàárín wákàtí kan, ẹṣin ni ó ń nà. Ẹni tí ń retí pẹ̀lú ní ìwà tirẹ̀ láti hù. Sùúrù ni àwọn àgbà fi ń ṣe é.

Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ òpópónà etí òkun láti Èkó dé Kàlàbá, èyí tí wọ́n ní yóò tó 700 kìlómítà, tí yóò sì gba ilẹ̀ Ìlàjẹ kọjá. Bí ó bá parí, ó ṣeé ṣe kí ará gúúsù Èkìtì tún máa gba apá ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ Ọ̀nà Oǹdó ti ń gúnlẹ̀ láyé àtijọ́.

Ní báyìí ná, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni à ń rìn. Ní alẹ́ Ẹtì, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré, ìyá àgbà kan á jókòó síta, iná á wà lẹ́nu ọ̀nà. Aládùúgbò tí ń kọjá á rọra dúró: "Ẹ kú ojú lọ́nà o, Mọ̀mọ́." Ìyá á dáhùn pé wọ́n ti kọjá Akúrẹ́.