Ọ̀rọ̀ Éèdì: Kí A Má Ṣe Fi Àlọ́ Bá Àwọn Ọ̀dọ́ Sọ̀rọ̀

Bí ìdìbò bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò sí ògiri ìlú tí àwòrán olóṣèlú kì í bò. Ọkọ̀ agbóhùnsókè a máa yí àdúgbò ká, orin ẹgbẹ́ a gba ẹnu ọmọ kékeré, ìyá aláta àti akẹ́kọ̀ọ́ a sì mọ ohun tí ẹgbẹ́ ń fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ní ayé Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀wé mọ igi ọ̀pẹ mọ́ Ẹgbẹ́ Action Group, ó sì mọ àkùkọ mọ́ NCNC, nítorí pé àwọn tó yan àmì wọ̀nyí ro ti ẹni tí yóò wò wọ́n. Kí ló dé tí a fi ń gbàgbé ọgbọ́n náà nígbà tí ó bá kan kí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìbálòpọ̀ àti kòkòrò àrùn HIV?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn náà ti di ìtàn. Àyẹ̀wò ńlá tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, tí ìjọba sì kéde èsì rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2019, fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 14 ló ní kòkòrò náà lára. A ṣírò gbogbo àwọn tó ní in sí nǹkan bí 1,900,000. Èyí tó dùn wá jù ni pé láàrin àwọn ọlọ́dún 20 sí 24, iye àwọn ọmọbìnrin tó ní in ju ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lọ. Ọjọ́ orí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nìyẹn, àti ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́.

Ọ̀nà kìíní tí àwọn ìjọba kọ́kọ́ tọ̀ ni ti ìdẹ́rùbà. Ní ọdún 1987, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé, wọ́n sì gbé òkúta ibojì jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún náà kan náà, wọ́n fi Ikú han àwọn ará Ọsirélíà: ó wọ ẹ̀wù dúdú, ó ń yí bọ́ọ̀lù ńlá lu ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, wọ́n sì ń ṣubú lulẹ̀. Gbogbo ènìyàn gbọ́, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrùn náà wà lára wọn rí i pé àwọn gan-an ni aráyé wá ń wò bí ẹni wo Ikú.

Nígbà náà, oògùn tó ká àrùn náà kò tíì sí. Lónìí, ó wà. Ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí kòkòrò náà sì dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí àyẹ̀wò kò lè rí i mọ́, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ lò pọ̀. Nítorí náà, ìpolówó tó bá ṣì ń ya agbárí òkú fún ọ̀dọ́ òde òní ń tàn án jẹ, ó sì ń mú kí ó sá fún àyẹ̀wò tí ì bá gbà á là.

Ọ̀nà kejì ni ti àlọ́. Ní ọdún 1999 ni wọ́n dá ètò loveLife sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́langba ní South Africa. Èrò rere ni wọ́n ní: wọn kò fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ, wọ́n fẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀. Pátákó ìpolówó wọn wà lẹ́bàá ọ̀nà káàkiri, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣókí tí wọ́n kọ sí i rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Àwọn alátakò wọn ní ẹni tó ń kọjá lọ kò lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ HIV ni. Ní ọdún 2005, àjọ Global Fund, tó ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́, dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ náà dúró.

Ọ̀nà kẹta sún mọ́ ilé. Eré orí tẹlifíṣọ̀n tí a ń pè ní MTV Shuga bẹ̀rẹ̀ ní Kenya ní ọdún 2009, ó sì dé Èkó ní ọdún 2013. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Abhijit Banerjee, Eliana La Ferrara àti Victor Orozco, fi han àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́dún 18 sí 25 ní àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n sì fi eré mìíràn tí kò ní ẹ̀kọ́ àrùn nínú han àwọn ẹlòmíràn, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, àwọn tó wo Shuga tó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV jẹ́ ìlọ́po méjì àwọn ìyókù, àrùn ìbálòpọ̀ sì dín kù lára àwọn obìnrin. Àwọn tí ìtàn náà wọ̀ lọ́kàn jù ni ìyípadà hàn lára wọn jù. Ohun tó ṣe é ni pé wọ́n rí ọ̀dọ́ bíi tiwọn nínú eré náà, tó fẹ́, tó ṣàṣìṣe, tó lọ ṣe àyẹ̀wò, tí ayé rẹ̀ kò sì parí.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ kò lọ́jú pọ̀. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò sọ odindi ọ̀rọ̀ yìí fún rí, níbo ni yóò ti mú ààbọ̀ tó kù? Inú fóònù ni, tàbí ẹnu ọ̀rẹ́ tí òun náà kò mọ̀. Nígbà tí Fela Aníkúlápó-Kútì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, là á mọ́lẹ̀ fún gbogbo ayé pé éèdì ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà kò ba orúkọ ìdílé wọn jẹ́. Ó la ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé kò sí àrùn bẹ́ẹ̀.

Ní tiwa, ìpolówó tí a ń fẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́rin ní Yorùbá tó já gaara: pé ọmọ tó bá lè ní sùúrù kí ó ní sùúrù, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá tàbí owó mú un, pé rọ́bà ìdáàbòbò ń dènà àrùn fún ẹni tó bá ń lò ó dáadáa ní gbogbo ìgbà, pé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ẹni tó ní in, nítorí kì í hàn lójú, àti pé oògùn wà. Kí ó sì dárúkọ ilé ìwòsàn tí ọmọ náà lè lọ ní ìlú tirẹ̀. Kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ jẹ́ kí a gbé e han ogún ọ̀dọ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ padà fún wa. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí ọmọ kò lè sọ padà kò tíì di tirẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ kan náà ni iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn yín jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Adamu Adamu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, pàṣẹ pé kí a yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún òbí àti ilé ìjọsìn. A kò sọ pé òbí kò ní ipa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni òbí rẹ̀ pè jókòó, tó sì sọ odindi ọ̀rọ̀ yìí fún?

Sí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, owó òkèèrè ló ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sí òkèèrè dúró; ní oṣù tó tẹ̀lé e, ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà fún oògùn. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn ń dúró de ẹni tó bá wá; ọ̀rọ̀ ló ń lọ pe ẹni náà wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ dìbò fún, láti ìjọba ìbílẹ̀ títí dé ìpínlẹ̀, iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ agbóhùnsókè tó rí epo rà nígbà ìdìbò kò yẹ kí ó wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀mí àwọn ọmọ wa wà nínú ewu.