Igi Tīn àti Igi Sídà: Èwo Ni Ká Gbìn Sí Ọgbà?

  

Ìbéèrè kan ló fa ọ̀rọ̀ wa ti ọdún yìí. Òbí kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ fún wa pé ọmọ òun ra ilé, ó fẹ́ gbin igi sí ọgbà rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni igi tīn, ọ̀pọ̀tọ́ àwọn Lárúbáwá. Èkejì ni igi tí àwọn òyìnbó ń pè ní incense cedar, tí àwa yóò máa pè ní sídà olóòórùn. Òbí yìí wá bi wá pé, nígbà tí ọ̀kan wà nínú Àlùkùránì, tí èkejì sì ń jẹ́ igi tùràrí, ṣé a kò lè gbin méjèèjì síwájú ilé kéwú níbí ní Ẹ̀pẹ́? Ìbéèrè rere ni, àmọ́ orúkọ àwọn igi wọ̀nyí lè tan ènìyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí sídà bẹ̀rẹ̀. Orúkọ kan ni, ṣùgbọ́n igi tó ń jẹ́ ẹ pọ̀. Èyí tí Lárúbáwá ń pè ní arz ni sídà òkè Lẹ́bánónì, òun ni wọ́n yà sí àárín àsíá orílẹ̀-èdè náà. Sídà olóòórùn kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ rárá. Ilẹ̀ tirẹ̀ ni Oregon àti California, títí wọ àríwá Baja California ní Mẹ́síkò. Òmíràn tún ni Cedrela, tí wọ́n mú wá sí ilẹ̀ wa láti Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀. Ìbátan ọ̀gànwó àti dongoyárò ni ìyẹn. Nítorí náà, bí àwọn tó ń ta ọ̀gbìn lẹ́bàá títì bá ní sídà ni àwọn ní, ẹ bi wọ́n pé sídà wo.

Ti tùràrí tí wọ́n sọ mọ́ ọn ńkọ́? A kì í jó oje rẹ̀ nínú àwo iná. Tùràrí tí Lárúbáwá ń pè ní lubān, ara igi mìíràn ló ti ń jáde, ní ilẹ̀ Oman, Yemen àti Sòmálíà; àwọn ará Òkè Ọya náà ní ìbátan igi ọ̀hún nínú ọ̀dàn wọn. Pákó sídà olóòórùn ló ń ta sánsán, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ òórùn náà láìmọ orúkọ rẹ̀. Pákó rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ pẹ́ńsùlù Amẹ́ríkà gbára lé nígbà tí sídà pupa tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ dọ̀wọ́n. Ó rọ̀ fún ọ̀bẹ, kì í sì í fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí a bá ń gbẹ́ ẹ. Kì í ṣe gbogbo pẹ́ńsùlù ọjà wa ni wọ́n fi í ṣe, àmọ́ èyí tó bá ń ta sánsán bí ẹ ti ń gbẹ́ ẹ, ẹ gbé e sí imú dáadáa.

Igi náà tóbi. Ó lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ, ó sì lè lo ju 500 ọdún lọ láyé. Ibi tó ti wá, yìnyín máa ń bọ́ nígbà òtútù, òjò kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ fún oṣù mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ẹ wá wo tiwa ní Rẹ́mọ: òjò bẹ̀rẹ̀ ní Máàṣì, ó di Òkudù kó tó le, ó sinmi díẹ̀ ní Ògọ́ọ̀sì, ó tún padà títí di Ọ̀tọ́bà, ooru kò sì lọ lóru. Igi tí ara rẹ̀ ń retí yìnyín, ọyẹ́ nìkan ni yóò rí. A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ná owó lé e lórí níbí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀gbìn pamọ́ sínú àpò ìrìn-àjò. Òfin Nàìjíríà béèrè ìwé àṣẹ kí a tó mú ọ̀gbìn wọlé láti òkè òkun, nítorí àrùn àti kòkòrò tó lè wà lára rẹ̀ tàbí nínú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Ní ìlú tí obì ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé, a mọ ohun tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ tīn ló gùn. Orúkọ rẹ̀ ni Súrà karùn-ún-dín-lọ́gọ́rùn-ún ń jẹ́, gbogbo ọmọ kéwú ló sì ti kà á. Kì í ṣe igi kan náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó wa, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀dán wà nínú ìdílé náà, bẹ́ẹ̀ ni èèpín tí ewé rẹ̀ ń ha ọwọ́, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán igi kí bébà ìdángi tó dé. Ìrókò pàápàá jẹ́ ìbátan wọn lókèèrè. Ẹ já ewé èyíkéyìí nínú wọn, ẹ óò rí oje funfun bíi wàrà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè béèrè pé, báwo ni ọ̀pọ̀tọ́ ṣe ń so nígbà tí a kò rí òdòdó rẹ̀? Inú ohun tí à ń pè ní èso ni òdòdó náà wà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, wọ́n kọjú sí inú. Kòkòrò tín-ín-rín kan tó jẹ́ ìbátan agbọ́n máa ń gba ojú ihò kékeré orí èso wọlé, ihò náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ìyẹ́ rẹ̀ fi ń já sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọlé, ó yé ẹyin, ó sì kú síbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú mìíràn jáde lọ sí igi mìíràn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé igi kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé yìí ló ní kòkòrò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tīn tí àwọn ènìyàn ń gbìn sílé lè so láìsí kòkòrò kankan, nítorí náà ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kan kéde pé tīn gbígbẹ tí wọ́n hú jáde nítòsí Jẹ́ríkò ti lé ní 11,000 ọdún, wọ́n sì rò pé irú èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ gbìn ni. Àwọn ẹlòmíràn kò gbà pẹ̀lú wọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ògiri mọ́sálásí, ọ̀dán ni. Ẹ ti rí i lórí ọ̀pẹ: ẹyẹ jẹ èso rẹ̀, ó yàgbẹ́ sórí ọ̀pẹ, kóró hù síbẹ̀, gbòǹgbò sì sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi di ọ̀pẹ náà mọ́ra tí ìyẹn kú. Ohun tó ṣe fún ọ̀pẹ ló lè ṣe fún ilé. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wá omi kiri ni: kànga, ṣáláńgá, ibi tí omi àlùwàlá ń ṣàn sí. Bí ó bá rí ojú ibi tí ògiri ti sán, ó wọ ibẹ̀, ó ń nípọn lọ́dọọdún, ògiri á sì yà.

Ilẹ̀ wa kò sì fẹ̀. Ìlú 13 ló kóra jọ di Ṣàgámù ní nǹkan bí 1872 nítorí ogun, Ẹ̀pẹ́ wa sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé fara kan ilé láti ìgbà yẹn. Ẹ̀ka tí a gbìn ní àgbàlá wa, òkè páànù aládùúgbò ló ń lọ. Àwọn onímọ̀ fiqh ti sọ̀rọ̀ lórí èyí: bí ẹ̀ka igi ẹnìkan bá yọ sí ojúlé ẹlòmíràn, onílé náà ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n gé e. Gbogbo wa mọ hádíìsì Anas nínú Bukhārī àti Muslim, nípa sàárà tó wà nínú igi tí Mùsùlùmí gbìn tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran jẹ nínú rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ pé kí a gbìn ín sí ìdí ògiri ẹlòmíràn.

Èsì wa fún ọmọ tó wà ní California ni pé, bí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbòòrò, kó gbin méjèèjì: sídà sí ẹ̀yìn ọgbà níbi tó jìnnà sí ilé, pàápàá nítorí iná igbó tó máa ń jà níbẹ̀, tīn sí ibi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa. Bí àyè ọ̀kan ṣoṣo ló bá wà, tīn ni kó mú. Yóò jẹ ẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ ẹ́.

Ní ti Ẹ̀pẹ́ níbí, kí sídà olóòórùn dúró sí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ibòji ọ̀dán bíi ti ojú ọjà àti ààfin, kó rí i pé ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 50 sí ògiri àti kànga; ẹni tí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, àgbálùmọ̀ la fara mọ́, kò sí ọmọ kéwú tí yóò bá wa jà lórí ìyẹn. Bí a bá sì fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí tīn, inú garawa ńlá tí a lu ihò sí nídìí ni kí a gbìn ín sí, ní ibi tí oòrùn ti ń mú tí òjò kì í sì í lù ú tààrà. Omi òjò púpọ̀ máa ń mú kí èso rẹ̀ kan kó tó pọ́n, ewé rẹ̀ á sì máa ṣe bí irin tó dógùn-ún.

Kí ẹni tó ń tọ́jú mọ́sálásí sì máa gbójú sókè wo ojú ọ̀nà omi òrùlé àti ibi tí ògiri ti sán, kó fa ọ̀dán tó bá hù síbẹ̀ tu nígbà tó ṣì kéré, ní kété tí òjò bá dá, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá gé orí rẹ̀ nìkan, yóò tún rú.