Iyọ̀ àti Ṣúgà: Kẹ́mísìrì Wà Nínú Ilé Ìdáná Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń já máàkì àwọn ọmọ wa lulẹ̀ nínú kẹ́mísìrì GCSE: ìyàtọ̀ láàárín ohun tí wọ́n ń pè ní ionic àti èyí tí wọ́n ń pè ní covalent. Púpọ̀ nínú wa ló máa ń sọ pé, "Lọ bi tíṣà ẹ." Ṣùgbọ́n a lè bá wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Ẹ gbé iyọ̀ àti ṣúgà síwájú ọmọ. Méjèèjì funfun, méjèèjì ń yọ́ sómi. Bí átọ́ọ̀mù inú wọn ṣe so pọ̀ ni wọ́n fi yàtọ̀. Àwa tí à ń fi ìṣirò owó jẹun máa ń wò ó báyìí: sodium inú iyọ̀ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 11, ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní ìpele ìta. Chlorine ní 17, ọ̀kan ló kù kí ìpele ìta tiẹ̀ pé mẹ́jọ. Sodium bá fún un ní ọ̀kan yẹn pátápátá. Ẹni tó fúnni di pọ́sítíìfù, ẹni tó gbà di nẹ́gátíìfù, wọ́n sì fa ara wọn mọ́ra. Ionic nìyẹn. Ti ṣúgà kì í ṣe ẹ̀bùn, àjọní ni: carbon, hydrogen àti oxygen jọ ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, bí àwọn tó dá òwò sílẹ̀ pọ̀. Covalent nìyẹn.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni orúkọ: bí mẹ́táàlì bá so mọ́ ohun tí kì í ṣe mẹ́táàlì, ionic ló sábà máa ń jẹ́, bí kò bá sí mẹ́táàlì, covalent ni. Èkejì ni ooru: iyọ̀ kì í yọ́ àfi kó gbóná dé 801°C, ṣúgà á ti yọ́, á ti máa pọ́n, kó tó dé 200°C. Ẹ̀kẹta ni iná mànàmáná: kì í gba inú iyọ̀ gbígbẹ kọjá, ṣùgbọ́n ó ń gba inú omi iyọ̀ kọjá. Kì í gba inú omi ṣúgà. (Tíṣà ni kó fi èyí hàn wọ́n o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ki wáyà iná ilé bọ omi!)

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú ni pé wọ́n gbára lé ẹlẹ́rìí kan. Covalent ni yanrìn, síbẹ̀ ó ju 1,700°C lọ kó tó yọ́, torí gbogbo átọ́ọ̀mù ẹ̀ so kọ́ra bí àwọ̀n. Ammonium chloride ò ní mẹ́táàlì kankan, ionic sì ni. Gáàsì hydrogen chloride jẹ́ covalent, ṣùgbọ́n bó bá wọ omi, iná á gba inú ẹ̀ kọjá. Nídìí iṣẹ́ tiwa, a kì í fọwọ́ sí ìwé owó lórí rìsíìtì kan ṣoṣo. Kí ọmọ pe ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó dáhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í nípa káún tí ẹ fi ń se ẹ̀wà. Sodium inú ẹ̀ ti fún ẹlòmíì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n carbon àti oxygen ṣì jọ ń lo tiwọn: ionic àti covalent wà nínú ohun kan náà. Ọmọ tó bá ṣàlàyé ìyẹn yékéyéké, ẹ bù kún ẹran ẹ̀.